Ọmú Mi àti Káráfáànù Merv

27, Òpópónà Àká Ọkà,
Wirrabeen,
Victoria.
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kẹwàá, 2024.

Coralie, àbúrò mi àtàtà,

Báwo ni ara? Báwo ni apá òsì yẹn, ṣé ó ti ń gòkè dé ibi tí o ń kó ife sí báyìí, àbí ó ṣì ń fà ọ́ lábẹ́ abíyá? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ìyá Lachlan ọkọ rẹ ńkọ́, tí kì í gbà pé ẹlòmíràn lè fọ abọ́ kó mọ́? Mo gbọ́ pé òjò ti rọ̀ dáadáa lọ́dọ̀ yín ní Bendigo. Tiwa níhìn-ín kò tíì tó. Àlìkámà ti yọ orí, àwọn àgbẹ̀ sì ń wo ojú ọ̀run bí ẹni ń wo ẹnu dókítà. Ní tèmi, ara mi le. Mo ń sùn, mo ń jẹun, mo sì ti ń gbé ìkòkò omi gbígbóná fúnra mi láti oṣù Kẹjọ.

Lẹ́tà rẹ dé ọwọ́ mi ní ọjọ́ Ajé. Gbogbo ojú ìwé méjèèjì ni o fi sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ, o wá tẹ ohun tí o fẹ́ bi mí sí ìlà méjì ìsàlẹ̀: o ní wọ́n ti gé ọmú náà, wọ́n ní o lè tún un ṣe, ṣé kí o lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ni àbí ti aládàáni, kí n kàn sọ ọ̀kan. Mo lè sọ ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ̀kan láìsọ bí mo ṣe dé ibẹ̀, ó dà bíi kí n fún àgbẹ̀ ní ìwé ìwọ̀n láìjẹ́ kó rí òṣùwọ̀n. Ìwọ náà ní káàdì ìnṣọ́ránsì nínú àpótí rẹ, o sì ní ọkọ tó ń bá ọ bójú tó àwọn ìwé bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, po tíì kí o jókòó.

O rántí pé ọdún 2020 ni wọ́n gé ọmú mi ọ̀tún nítorí jẹjẹrẹ. Ìgbà yẹn, Merv di ọwọ́ mi mú lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní kí a lo ilé ìwòsàn ìjọba, wọ́n yára, ọ̀fẹ́ ni, bí a bá lọ sí ti aládàáni, ìnṣọ́ránsì yóò kọ́kọ́ gba dọ́là 750 lọ́wọ́ wa kí wọ́n tó san tiwọn, kí la fẹ́ fi owó ṣòfò fún? O mọ̀ mí. Inú mi dùn. Mo ní ọkùnrin yìí ti kọ́ ọgbọ́n lára mi lẹ́yìn ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí a ti ṣègbéyàwó. Wọ́n gé ọmú náà, wọ́n ṣe é dáadáa, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọmú rọ́bà sínú kọ́mú. Mo gbé e sórí òṣùwọ̀n ilé ìdáná: gíráàmù 640. Ogún ọdún tí mo fi jókòó nídìí òṣùwọ̀n ọkọ̀ ẹrù ní àká ọkà kò jẹ́ kí n lè gbé ohunkóhun wọ̀ láìmọ bó ṣe wúwo tó.

Ohun tó jẹ́ kí n sọ pé ó tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún tó kọjá, lórí pápá bọ́ọ̀lù yíyí tiwa. Oòrùn ń jó, mo wọ aṣọ funfun, ó kàn mí láti yí bọ́ọ̀lù mi sápá bọ́ọ̀lù funfun kékeré tí gbogbo wa ń lé. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ju ọwọ́, ọmú rọ́bà náà sì yọ láti ọrùn aṣọ, ó bọ́ sórí koríko, ó ń yí lọ lẹ́yìn bọ́ọ̀lù mi bí ọmọ ewúrẹ́ lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Koríko yẹn tẹ́jú, o mọ̀ ọ́n. Kò dúró títí ó fi dé ìtòsí bọ́ọ̀lù funfun.

Darcy, ọ̀rẹ́ Merv tí wọ́n jọ ń pẹja, ló rìn lọ síbẹ̀. O mọ̀ pé kò sí ọkùnrin kan lórí pápá wa tí kì í fi tépù ìwọ̀n sápò. Ó fa tirẹ̀ yọ, ó kúnlẹ̀, ó wọn ọ́n láti ara ọmú mi dé ara bọ́ọ̀lù funfun bí ẹni ń ṣe ìdájọ́ ìdíje. Ó ní, "Sẹ̀ǹtímítà mọ́kànlá. Noeline, èyí ti lé tèmi dànù o. Ṣé méjì méjì lẹ ti ń yí báyìí ni?"

Ènìyàn mẹ́rìnlá ló wà níbẹ̀, mo kà wọ́n. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àwọn kan bo ẹnu, àwọn kan yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tó rẹ́rìn-ín jù ni Merv. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ní láti di ọgbà mú. Mo lọ mú ohun mi, mo nu koríko kúrò lára rẹ̀, mo fi í sínú báàgì, mo sì yí bọ́ọ̀lù tó kù. Àmì méjì la fi borí wọn.

Nígbà tí a délé, mo sọ fún Merv pé mo fẹ́ tún ọmú mi ṣe, ọmú tó jẹ́ ara mi, tí kò ní máa bá bọ́ọ̀lù rìn. Ó ń jẹ páì ẹran lọ́wọ́. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Ní ọjọ́ orí wa yìí, Noeline, ta ló ń wò ó?"

Mo dá a lóhùn pé a ti ń san owó ìnṣọ́ránsì láti ọdún 1989, kí wọ́n dá díẹ̀ padà nínú rẹ̀. Ó fi páì náà sílẹ̀ láìjẹ ẹ́ tán, ó ní òun fẹ́ lọ wo nǹkan kan nínú ilé irinṣẹ́. Èmi tí mo máa ń mọ̀ bí awakọ̀ bá gbé òkúta sábẹ́ ọkà, n kò fura.

Ní oṣù Kẹta, mo lọ rí Dókítà Pavlovic ní Melbourne, ní ọ́fíìsì aládàáni rẹ̀. Dọ́là 320 ni ìjókòó kan, mo san án. Onírẹ̀lẹ̀ ọkùnrin ni, ọwọ́ rẹ̀ tóbi bí ọwọ́ alápatà. Ó ní òun yóò mú ọ̀rá àti awọ ikùn mi, òun yóò gbé e lọ sí àyà, òun yóò so iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́ ti àyà lábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan di ńlá, yóò sì máa yè bí ẹran ara mi yòókù. Ó tẹ ikùn mi wò, ó ní ikùn gidi ni. Láti ọdún tí mo ti bí Leanne, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni máa yin ikùn mi.

Inú mi dùn títí mo fi dé iwájú tábìlì Tamsin, akọ̀wé rẹ̀. Ó gba káàdì mi, ó tẹ nọ́ńbà rẹ̀ sínú ẹ̀rọ, ó tún un tẹ̀. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní, "Noeline, ẹ má bínú. Káàdì yín kò san ti ilé ìwòsàn mọ́. Eyín, awò ojú àti ara wíwọ́ ló kù níbẹ̀." Mo ní irọ́ ni. Ó pè wọ́n, ó gbé fóònù lé mi lọ́wọ́, ọmọdébìnrin kan níbẹ̀ sì kà á fún mi: oṣù Kẹta ọdún 2018, Ọ̀gbẹ́ni Mervyn Treloar fúnra rẹ̀ ló kọ̀wé kí wọ́n yọ apá ilé ìwòsàn kúrò. Owó náà wálẹ̀ láti 412 lóṣù sí 96.

O máa bi mí bí mi ò ṣe mọ̀, èmi tí mo mọ iye ewé tíì tó wà nínú páálí. Láti ara owó oṣù Merv ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ọ́, ibẹ̀ sì ni lẹ́tà wọn ń lọ. Káàdì tí mo ní kò yí padà. Mo ń lò ó fún awò ojú, owó ń padà wá. Mo rò pé mo ń rí òṣùwọ̀n, apá kan rẹ̀ ni wọ́n fi ń hàn mí.

Oṣù Kẹta 2018 yẹn gan-an ni káráfáànù wọ ọgbà wa. Ilé kékeré onítáyà yẹn tí Merv ń fi mọ́tò fà lọ sí etí odò, ìwọ pàápàá ti sùn nínú rẹ̀. Dọ́là 37,000 ló rà á. Ó sọ fún mi pé owó ìsinmi òṣìṣẹ́ tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tí ìjọba ìbílẹ̀ san fún òun ni. Owó yẹn kò ju 20,000 lọ, ó ní láti jẹ́ pé ó yá ìyókù. Mo yí tíkẹ́ẹ̀tì ibi ìgbọ́kọ̀sí padà, mo kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀: 316 lóṣù, lọ́nà ọgọ́ta oṣù, ó jẹ́ 18,960. Yọ èlé kúrò nínú rẹ̀, ìyókù owó káráfáànù nìyẹn, títí dé ẹyọ sẹ́ǹtì. Ó fi ọmú mi ra ibi tí òun yóò máa jókòó pẹja.

Coralie, kì í ṣe owó náà ló dùn mí jù. Ọdún 2020 ni, ọwọ́ mi nínú ọwọ́ rẹ̀, tó ń kọ́ mi ní ọrọ̀ ajé. Ó mọ̀ nígbà yẹn. Ní àká ọkà, àwọn awakọ̀ kan máa ń gbé ọmọ wọn sínú ọkọ̀ nígbà tí a bá ń wọn ẹrù, wọ́n á sọ ọmọ náà kalẹ̀ lẹ́yìn igi kí wọ́n tó padà wá wọn ọkọ̀ òfìfo, kí ìwọ̀n ọmọ náà lè di ọkà. Mo máa ń mú wọn. Mo máa ń jáde, màá ní kí gbogbo ènìyàn sọ̀kalẹ̀. Ọkùnrin tí mo ń bá sùn gbé tirẹ̀ kọjá níwájú mi fún ọdún márùn-ún.

Tamsin ti kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ fún mi kí n tó kúrò. Bí mo bá fẹ́ ṣe é ní ti aládàáni láìní ìnṣọ́ránsì, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, 50,500 ni: àwọn oníṣẹ́ abẹ, ẹni tí yóò fi oògùn mú mi sùn, yàrá iṣẹ́ abẹ, alẹ́ márùn-ún. Bí mo bá padà sínú ìnṣọ́ránsì, wọn yóò ní kí n dúró ní oṣù méjìlá nítorí àìsàn tó ti wà lára tẹ́lẹ̀, màá san 4,944 ní gbogbo oṣù yẹn, lẹ́yìn náà màá tún fi 11,800 dí àlàfo tí wọn kò ní san. 16,744 lápapọ̀. Ti ìjọba, ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n ó ní ìlà ibẹ̀ gùn.

Mo padà sílé. Mo din ẹran àgùntàn fún Merv. Ó bi mí pé kí ni dókítà sọ, mo ní dókítà sọ pé ikùn mi dára. Ó ní kò burú.

Báyìí ni mo ṣe ṣe é. Káráfáànù yẹn, orúkọ mi ló wà lórí gbogbo ìwé rẹ̀, láti ìwé tí a fi rà á dé nọ́ńbà rẹ̀. Merv ló ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti fi ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ gbá ọkọ̀ ẹlòmíràn nígbà tó ń fà á lọ, bí wọ́n bá rí orúkọ rẹ̀, owó ìdáàbòbò káráfáànù náà yóò fi 140 wọ́n sí i lọ́dọọdún. Mo rántí bí ó ṣe fi ìka hàn mí ibi tí màá ti tọwọ́ bọ̀wé. Ó ní ọgbọ́n mi lòun ń lò.

Ní oṣù Karùn-ún, òun àti Darcy lọ pẹja fún ọjọ́ mẹ́rin nínú ọkọ̀ Darcy. Mo gbé àwòrán káráfáànù jáde ní 34,500. Tọkọtaya olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì wá láti Ararat lọ́jọ́ kejì, a sì pàdé ní 33,000. Ìyàwó náà ń ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, ó ń tẹ bẹ́ẹ̀dì wò, ó bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń ta ohun tó mọ́ tó báyìí. Mo ní ẹni tó ń lò ó kò rìnrìn àjò mọ́. Ojú rẹ̀ rọ̀. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣé ó pẹ́ tó ti kú?" Mo ní, "Kò tíì kú. Kò tíì gbọ́ ni."

Ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n san owó náà sínú àkọọ́lẹ̀ mi kí wọ́n tó so ó mọ́ mọ́tò.

Mo ti kó ẹrù Merv jáde ṣáájú. Mo tò ó sórí kọ̀ǹkéré níbi tí káráfáànù máa ń wà, ohun kọ̀ọ̀kan ní ààyè rẹ̀ gan-an: bàtà ilé rẹ̀ níbi tí bẹ́ẹ̀dì wà, rédíò rẹ̀ lápá òkè, àga rẹ̀ níbi tó ti máa ń jókòó wo odò. Nígbà tó dé ní ọjọ́ Àìkú, ó dúró pẹ̀lú àpótí yìnyín ẹja lọ́wọ́, ó sì bi mí pé ta ló jí káráfáànù òun. Mo fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì ibi ìgbọ́kọ̀sí, mo ní kó yí i padà. Ó kà á. Ó pẹ́ lórí rẹ̀ ju bí nọ́ńbà mẹ́ta ṣe yẹ kó pẹ́ lọ. Ó ní òun ti fẹ́ sọ fún mi. Mo bi í pé ọjọ́ wo. Ó ní tòun ni káráfáànù. Mo fi ìwé hàn án, mo ní 140 lọ́dọọdún, Merv, ọgbọ́n mi lo lò. Ó jókòó sórí àga yẹn láàárín kọ̀ǹkéré, ó ń wo ibi tí ògiri wà tẹ́lẹ̀, títí yìnyín fi yọ́ mọ́ ẹja lára.

Ibi tí mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe àṣìṣe nìyí, ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí o fetí sí. Mo ní 33,000 Merv. Mo ní 17,500 tèmi, ogún ọdún owó òṣùwọ̀n. Bí o bá pa á pọ̀, 50,500 ni, kò lé, kò dín. Mo rò pé àmì ni. Mo fẹ́ gbé káráfáànù rẹ̀ sí àyà mi, kó máa rí i lójoojúmọ́, kó má lè wà á lọ síbì kankan. Mo gba ìwé owó ní báńkì, mo wakọ̀ wákàtí mẹ́rin lọ sí Melbourne, mo sì gbé e lé tábìlì Dókítà Pavlovic.

Ó wò ó. Ó bi mí níbi tí mo ti rí i, mo sì rò ó fún un, nítorí inú mi ń dùn sí i. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tí mo dé orí àga àti bàtà ilé. Lẹ́yìn náà ó ti ìwé owó náà padà síwájú mi. Ó ní, "Noeline, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, ilé ìwòsàn ìjọba tó wà lódìkejì títì yìí ni mo máa ń wà. Ọwọ́ yìí náà ni mo ń gbé lọ. Níbẹ̀, àwa méjì la máa ń ṣe é pọ̀, àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ sì máa ń rí irú yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Oṣù mẹ́tàlá ni ìlà. Ohun tí ẹ fẹ́ fi owó yìí rà lọ́wọ́ mi ni oṣù mẹ́tàlá."

Mo pín in nínú orí mi kó tó pa ẹnu dé. 50,500 sí ọ̀nà mẹ́tàlá, 3,885 lóṣù kan, fún kí n má dúró. N kò gba tó bẹ́ẹ̀ rí lóṣù kan láyé mi. Àti pé bí mo bá ná an, owó Merv yóò lọ, tèmi yóò bá a lọ, òun yóò sì wá máa káàánú mi pé owó mi tán. Bí mi ò bá ná an, yóò wà níbẹ̀. Yóò sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Mo mú ìwé owó mi padà. Dókítà yẹn ta owó nù lójú mi kó lè sọ òtítọ́ fún mi, mo sì ń fún un ní ìgò oyin ilé wa kan lọ́dọọdún láti ìgbà náà.

Má rò pé ti ìjọba kò ní ìnira. Bernie, nọ́ọ̀sì àwọn tí wọ́n gé lọ́mú, ń pè mí lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, ohùn rẹ̀ máa ń mú mi dúró. Ní oṣù Kẹrin ọdún yìí wọ́n pè mí. Mo gbààwẹ̀, a wakọ̀ lọ, mo ti wọ aṣọ wọn, wọ́n sì wá sọ pé jàm̀bá ọkọ̀ ti ṣẹlẹ̀, àwọn tó fara pa ló gba yàrá náà. Wọ́n dá mi padà sílé. Mo sunkún ní ibi ìgbọ́kọ̀sí, mo tún san 22 fún ẹkún náà. Ọjọ́ yẹn nìkan ni mo kábàámọ̀. Bí ọkàn rẹ kò bá lè gba irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, fi í sínú ìṣirò rẹ.

Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹfà ni wọ́n ṣe é. Wákàtí mẹ́sàn-án àti ààbọ̀. Àwa mẹ́rin la wà ní yàrá, wọ́n mú un gbóná kí iṣan má baà fún pọ̀, obìnrin tó wà lápá òsì mi ń hanrun bí ẹ̀rọ ìkórè. Wákàtí kọ̀ọ̀kan ni nọ́ọ̀sì ń gbé ohun kékeré kan lé ọmú mi tuntun láti gbọ́ bóyá ẹ̀jẹ̀ ń sáré nínú rẹ̀. Èmi náà gbọ́ ọ. Ó ń ró bí omi tó ń kọjá nínú páìpù, ṣuu, ṣuu. Mo sì sọ fún ara mi pé eléyìí kò ní bá bọ́ọ̀lù kankan lọ.

Merv sùn ní ilé ìtura, 129 lálẹ́ kan, alẹ́ mẹ́fà, 774. Ọjọ́ kẹta ló jókòó tì mí, ó ní, "Ká ní káráfáànù yẹn ṣì wà ni." Mo di ojú mi kí n lè gbádùn rẹ̀. Nígbà tí a délé, òun ló ń tú omi ara kúrò nínú àwọn ìgò tó so mọ́ mi, ó ń wọn ọ́n láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo yẹ ìwé rẹ̀ wò. Àṣìṣe kan péré ló wà nínú rẹ̀. Ìyìn rẹ̀ mọ níbẹ̀.

Nǹkan kan kù tí mi ò tíì sọ fún ọ. Láti oṣù Karùn-ún tí mo ti ta káráfáànù, mo ti ra ìnṣọ́ránsì ilé ìwòsàn, 228 lóṣù, láti inú owó káráfáànù náà. Orúkọ kan ló wà lórí rẹ̀. N kò nílò rẹ̀ fún ọmú, o ti rí i. Òun nìkan ni ohun tí mo rà láyé mi tí mi ò kọ́kọ́ bi ara mi pé ṣé ó pọn dandan. Mo fi káàdì náà sí ara ilẹ̀kùn fíríjì, níbi tí bọ́tà Merv wà.

Orúnkún Merv sì wá bàjẹ́. Oṣù Keje ló bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ya àwòrán rẹ̀, egungun ti ń ha egungun, wọ́n ní àfi kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí ìlà ìjọba ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹsàn-án, oṣù mẹ́rìnlá. Ti aládàáni, 27,000, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bó bá fẹ́ wọ ìnṣọ́ránsì, oṣù méjìlá lòun náà yóò dúró.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ó tiro wọ ilé ìdáná, ó gbé ìwé kan kalẹ̀ níwájú mi. Ó ti ṣe ìṣirò, Coralie, lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ó kọ 33,000, ó yọ 228 lọ́nà oṣù mẹ́tàdínlógún, ó ku 29,124. Ó yọ 27,000, ó ku 2,124. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, ó gún régé. Ó ní, "Owó náà wà, Noeline. Ó tó. Ó tún ṣẹ́ kù fún ọ."

Mo gbé omi kaná. Mo dúró títí ó fi hó, mo po tíì rẹ̀ bó ṣe fẹ́ ẹ, mo gbé e síwájú rẹ̀. Mo wá sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí òun náà ṣe sọ ọ́, láìgbójú sókè. Mo ní, "Ní ọjọ́ orí wa yìí, Merv, ta ló ń wo orúnkún?"

Ó mu tíì náà. Mo sọ òtítọ́ fún un lẹ́yìn náà pé ti ìjọba dára, èmi ni mo dán an wò, wọn yóò ṣe é dáadáa, kó má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìlà dẹ́rù bà á. Mo so kàlẹ́ńdà mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríjì, mo sì ń fa igi lé ọjọ́ kọ̀ọ̀kan fún un. Ó ku 392.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá mo padà sí pápá. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, mo yí bọ́ọ̀lù mi, nǹkan kan ṣoṣo ló kúrò lára mi. Darcy fa tépù yọ, ó wọn ọ́n, ó ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́sàn-án, kò sì fi ọ̀rọ̀ kankan kún un. Merv wà lẹ́bàá ọgbà, ó jókòó sórí àga káráfáànù, ó ń kọ àmì wa sílẹ̀, nítorí kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́.

Ìdáhùn rẹ nìyí. Má gba ẹnu Lachlan gbọ́, má sì gba ẹnu káàdì gbọ́. Pe ìnṣọ́ránsì fúnra rẹ lọ́la, kí o ní kí wọ́n ka ohun tó wà níbẹ̀ sí ọ létí. Mi ò sọ pé Lachlan rí bíi Merv. Mo kàn ní kí gbogbo ènìyàn sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Bi dókítà rẹ léèrè ọjọ́ tó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba, àti iye irú rẹ tó ń ṣe níbẹ̀ lọ́dún. Kí ó fi orúkọ rẹ sí ìlà ìjọba lónìí, nígbà tí o ṣì ń rò ó, kò náni ní nǹkan kan, o lè yọ ọ́ nígbàkígbà. Bí ìṣirò bá wá fi hàn pé aládàáni ló yẹ ọ́, lọ, má wẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n má fi owó rẹ na ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà tó dín owó wà.

Bá mi kí àwọn ọmọ, kí o kí ìyá Lachlan, sọ fún un pé mo ṣì ní abọ́ rẹ̀ aláwọ̀ búlúù, mo sì ń fọ̀ ọ́ bí ó ṣe fẹ́. Leanne ní kí n kí ọ.

Èmi ni, ẹ̀gbọ́n rẹ tí o lè pè nígbàkígbà tí fóònù bá jẹ́ ọ̀fẹ́,

Noeline.

Mo fẹ́ lẹ àpò lẹ́tà yìí pa ni Merv wọlé, ó bi mí pé ta ni mò ń kọ̀wé sí, mo sì sọ fún un. Ó ní kí n kí ọ. Ó ní kí n sọ fún ọ pé orúnkún náà ń dun òun gan-an. Mo ti sọ ọ́.